Ta ni Harnaam Kaur, kí ló sì fà á tó fi ní irùngbọ̀n?

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n bí i ní 1990. Àìsàn àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní PCOS (polycystic ovary syndrome) ló fà á: hómóònù tó yẹ kó pọ̀ lára ọkùnrin ló ń pọ̀ jù lára obìnrin, irun á máa hù lágbọ̀n, nǹkan oṣù á sì máa ṣe ségesège. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó fá a, ó fà á tu, síbẹ̀ wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ní ọmọ ọdún 16 ló gba ẹ̀sìn Sikh, ẹ̀sìn tí kì í gé irun, ló bá fi irùngbọ̀n náà sílẹ̀ kó máa hù. Guinness World Records kà á sí obìnrin tó kéré jù lọ́jọ́ orí tó ní irùngbọ̀n kíkún, ní 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má tijú ara wọn.

Mo mọ ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ níbí. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń fá àgbọ̀n, á tún fi ìborùn bò ó nínú oòrùn. Ó máa ń dùn mí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà ní in, ẹ lọ rí dókítà àwọn obìnrin, oògùn wà tó ń dín in kù.