Ṣé fish finder oníwáàtì ńlá ló ń rí ẹja lókèèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ọkọ̀ pákó kékeré ni mo fi ń pẹja lórí ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì Yamaha 15 ló ń wà á. Ẹni tó fẹ́ ta fish finder, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹja lábẹ́ omi, fún mi ní kí n ra oníwáàtì 1,000, pé á máa fi ẹja tó wà níwájú hàn mí láti òkèèrè. Ó tún ní inú ọkọ̀ lèèyàn kàn máa lẹ̀ orí rẹ̀ mọ́, omi ò ní kàn án rárá. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ irọ́ yìí: oníṣòwò ló ń pa á, apẹja ló ń sanwó rẹ̀.

Fish finder tí wọ́n sábà ń tà fún ọkọ̀ kékeré kì í wo iwájú, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Transducer, ìyẹn orí kékeré tó ń wọ inú omi, ló ń rán ìró tí etí wa ò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀. Ìró náà á kan ilẹ̀ tàbí ẹja, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi àkókò tó lò ṣírò bí omi ṣe jìn tó. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń fẹ̀, bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ní 200 kHz (kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ń gbọ̀n kíá tó), tó dára fún omi tí kò jìn, igun rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 20°. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó kò sì jìn ju mítà 2 sí 3 lọ, àfi ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá. Tí omi bá jìn ní mítà 3, ibi tí ẹ̀rọ yín ń rí lórí ilẹ̀ kò fẹ̀ ju bíi mítà 1 lọ. Mítà kan péré! Àwọ̀n yín fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwòrán ojú ẹ̀rọ náà ń tan èèyàn. Etí ọ̀tún nìkan ni ti ìsinsìnyí, gbogbo èyí tó wà lápá òsì, ẹ ti kọjá rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹja kan ṣoṣo sì dúró lábẹ́ rẹ̀, ìlà gígùn ló máa fà, ẹni tí kò mọ̀ á ní agbo ẹja ni. Ẹ pa àmì ẹja kéékèèké tí ẹ̀rọ ń yà sójú rẹ̀ o, ọ̀rá àti ewé tó rì díẹ̀, ẹja ló ń pe gbogbo wọn. Ọbọ̀kún tó sùn mọ́ ilẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ lè má yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀.

Wáàtì ńlá, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ fi ń rán ìró, omi jíjìn ló wà fún. Ó wúlò fún ẹni tó ń lọ sójú agbami. Èyí tó ń wo iwájú wà lóòótọ́, bíi LiveScope ti Garmin, ṣùgbọ́n ọjà mìíràn pátápátá nìyẹn, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ ra kékeré tó ní 200 kHz àti GPS tó ń mọ ibi téèyàn wà, kí ẹ lè sàmì síbi tí kùkùté ti ń ya àwọ̀n yín.

Ti lílẹ̀ ńkọ́? Fáíbà tó le, tí kò ní fóòmù láàárín, ni ìró lè gbà kọjá. Pákó kò ṣeé ṣe, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dá ìró padà. Ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ni kí ẹ kàn án mọ́, kó rì díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, kó sì jìnnà sí ìfóófòó tí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń dà. Apá ọ̀tún ló sábà máa ń dáa jù fún ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo.

Ẹ má gé wáyà transducer tó bá gùn jù, ẹ ká a ni. Láti bátìrì 12V ni kí iná ti wá tààrà, pẹ̀lú fíúsì tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí à ń fokùn fà kì í cháàjì bátìrì, nítorí náà ilé lẹ ó ti máa cháàjì rẹ̀.

Mi ò rí ọkọ̀ yín o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi lu ihò sísàlẹ̀ ọkọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà tàn án nínú omi lójú yín. Bó bá kọ̀, ẹ máa lọ ilé.