Ìbọ̀wọ́ ìgbẹ̀bí: káńsù ló ni ín ni, àbí ìpínlẹ̀?

Ìbéèrè: Ìyàwó mi lóyún oṣù méje. Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù wa, wọ́n ní ká ra ìbọ̀wọ́, òwú àti Izal wá fún ìgbẹ̀bí. Alága káńsù ní ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni. Mo dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí n padà sí káńsù. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é? (Bàbá Ìbejì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Ìbejì. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Òfin ló fún wọn láyè láti máa gbá yín bíi bọ́ọ̀lù. Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí káńsù bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ètò ìlera. Ẹrù tí ẹni méjì jọ gbé nìyẹn. Tó bá já, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ọwọ́ òun ló ti já. Mo lo ọdún 19 ní ẹ̀ka ìlera káńsù, èmi náà ti sọ "ẹ lọ sí ìpínlẹ̀" yẹn àìmọye ìgbà.

Ẹ fi alága sílẹ̀ ná. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò rẹ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé ìsúná. Apá kan ń bọ́ tààrà sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, fún oògùn, ohun èlò àti àtúnṣe. Kì í gba ọwọ́ alága. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá tiyín ni wọ́n mú.

Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ wá kọmití ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù lọ. Àwọn àti ọ̀gá ilé ìwòsàn ló ń jọ ṣètò bí wọn yóò ṣe ná owó náà. Mo rántí ìpàdé kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá elélùbọ́ kan bi mátírọ́ọ̀nù pé, "Páálí ìbọ̀wọ́ mélòó lẹ rà?" Ó ní méjì. Páálí kan, ìbọ̀wọ́ 100. "Ọmọ mélòó la bí?" Ó ní 9. Ìyá ní, "Àwa tá a ra tiwa wá ńkọ́?" Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Wọn ò ní kí aboyún ra ìbọ̀wọ́ wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ti ọ̀fẹ́, apá kejì owó yẹn ń gba ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, kìkì ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ló sì kàn. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 ka aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó àti aláìní mọ́ àwọn tó yẹ kó jàǹfààní, àmọ́ àyè ò tó. Ẹ tètè mú nọ́ńbà NIN ìyàwó yín lọ bá àjọ náà. Bí kò bá sí àyè, tí ẹ fẹ́ fowó ara yín wọ ètò adójútòfò náà, ẹ béèrè iye oṣù tí ẹ máa dúró kó tó gba ìgbẹ̀bí. Oṣù méjì péré ló kù fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà. Mo mọ àwọn tó jẹ́ owó oṣù wọn ni wọ́n fi ń ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí lóru. Iná sólà, kànga, òrùlé tó ń jò: ìwọ̀nyí ni kí ẹ gbé lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín.