Àbúrò mi ò kírun mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ahoro ló ń lọ jókòó sí

Ìbéèrè: Àsàláámù aléékùm, Ààfáà. Àbúrò mi tó ń gbé Èkó ti pa ìrun tì, ó ní òun ò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti wálé sí Ṣàgámù báyìí, abúlé ìyá wa ló ń lọ, á jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọn ò lò mọ́. Ó ní ibẹ̀ lọkàn òun ti ń balẹ̀, kí n bá òun lọ. Ṣé mo lè wọlé? Bí Alásárì bá ká mi mọ́ ibẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa aléékùm sàláàm. Ẹ lè wọlé. Ìtàn sọ pé Sayyidunā Umar, tó jẹ́ àrólé kejì lẹ́yìn Ànọ́bì, wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Jérúsálẹ́mù, àkókò ìrun sì bá a níbẹ̀. Wọ́n ní kó kírun sínú ilé, ó kọ̀, ìta ló ti kí i, kí àwọn Mùsùlùmí má baà gba ilé náà lọ́wọ́ onílé lọ́jọ́ iwájú nítorí pé òun kírun níbẹ̀. Ti ìrun kíkí, Ibn Abbās, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, kí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò bá ti sí ère. Ṣùgbọ́n Ímáámù Mālik, tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, kò fẹ́ ẹ. Ẹ mú ẹní yín dání, kí ẹ kí i níta.

Àbúrò yín gan-an ló wà lọ́kàn mi. Òjò ká mi mọ́ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ rí ní Rẹ́mọ níbí. Àwọn ará abúlé ti kó lọ sí ìlú, oko obì ti di igbó. Pánù ti dípẹtà, àdán so rọ̀ lókè, síbẹ̀ nọ́ńbà orin tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ kẹ́yìn ṣì wà lára pátákó. Òjò dá, mi ò tètè dìde. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ níbẹ̀ kọ́ ni mo gbà gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀, wọ́n ti sunkún òkú níbẹ̀. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ka ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ilé tí à ń dárúkọ Òun sí, nínú Sūratul Hajj, áyà 40.

Ìrántí Ọlọ́hun lọkàn fi ń balẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún un, ẹ̀yin náà ẹ má fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní kèfèrí lójú ẹbí. Ànọ́bì pàápàá, olùránnilétí ni Ọlọ́hun pè é, kò ní kó fi tipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ bá a lọ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ má wàásù. Bí Alásárì bá tó, ẹ jáde lọ kí i, kí ẹ sì padà wọlé tọ̀ ọ́ wá.