Ẹ má tíì hú àjàgbọn yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ ní àjàgbọn tẹ́ ẹ gbìn síwájú ilé ní Lugbe ti pé ọdún méjì, kò sì ju orúnkún lọ, ẹ wá fẹ́ fi dóńgóyárò rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni pé dóńgóyárò á tètè ga. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni àjàgbọn kọ́kọ́ máa ń lọ kó tó gòkè. Gbòǹgbò ńlá àárín yẹn ni àwọn igi tsamiya (bí Haúsá ṣe ń pe àjàgbọn nìyẹn) tẹ́ ẹ̀ ń rí lábúlé àwọn Haúsá gbójú lé, tí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń lọ tó ń bọ̀ tí wọn ò kú.

Ti omi tẹ́ ẹ sọ ló kọ mí lóminú. Ojoojúmọ́ lẹ ń fi họ́ọ̀sì wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́la, tẹ́ ẹ bá wọ́n ọn tán, ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Mo gbẹ́ ti aládùúgbò mi kan wò báyìí ní Gwagwalada: òkè tutù rinrin, kò jìn sísàlẹ̀ rárá tí ọ̀bẹ fi kan eruku gbígbẹ. Kí ni gbòǹgbò fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń fún tèmi lómi, ṣùgbọ́n odidi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni. Mo lu ihò bíńtín sí ìdí kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e tì í, ó ń kán títí ilẹ̀ fi mu ún tán.

Yangí ló pọ̀ ní ilẹ̀ Abuja, kí á má tíì sọ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù táwọn bírikilà rì mọ́lẹ̀. Tí òjò bá ti rọlẹ̀ dáadáa, ẹ fi dígà tú ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ jìnnà sí ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ má baà gé gbòǹgbò. Ẹ ro koríko ibẹ̀ kúrò. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, kó má kan igi náà o, torí ikán. Ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà, ẹ má dà á síbẹ̀, ó máa jó o. Ẹ sọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Ẹ má gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gé kó lè ga, òun ló ń jẹ́ kí ìdí igi sanra. Tí ewé rẹ̀ bá sì pa dé lálẹ́, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe máa ń sùn nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ibòji ọdún yìí lẹ ń wá, ẹ ta tapólì ná.