Gmail kì í ṣe ti fóònù, tiyín ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà. Ọmọ mi ra fóònù tuntun ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún fóònù ṣe, ó ní fóònù tuntun gbọ́dọ̀ ní Gmail tuntun, pé èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ti bá fóònù àtijọ́ lọ. Ó ní òun á bá mi ṣí ojúlówó tí kì í ẹ̀sípáyà ní ₦3,000, òun á sì máa bá mi tọ́jú páásíwọọ̀dù rẹ̀ kí n má bàa gbàgbé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi náà ń béèrè àkáǹtì Microsoft. Ṣé ìyẹn náà ń gbowó ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fún un ní kọ́bọ̀. Láti ìgbà Iléyá ni wọ́n ti ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, láti Àgọ́-Ìwòyè, láti Ṣágámù, kódà láti ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ohùn mi bá le lónìí, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí.

Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Fóònù ò ní Gmail. Ènìyàn ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ lọ́jà, ọ̀rọ̀ mi á tètè yé yín: bí káàdì àjọ yín bá já sómi, ṣé owó bómi lọ ni? Ẹ ó tọ alájọ lọ, á wo ìwé ńlá ọwọ́ rẹ̀, á fún yín ní káàdì mìíràn, orúkọ kan náà, iye kan náà. Fóònù ni káàdì yẹn. Ìwé ńlá wà lọ́dọ̀ Google, iléeṣẹ́ tó ni Gmail, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì àti páásíwọọ̀dù àtijọ́ yín sínú fóònù tuntun, àwọn orúkọ tí ẹ tọ́jú sínú àkáǹtì náà á tò jáde, fọ́tò tí ẹ ti jẹ́ kó máa gòkè lọ síbẹ̀ á wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí tuntun, òfìfo lẹ ó bá, ti àtijọ́ á sì wà níbi tó wà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ti ẹ̀sípáyà yẹn ńkọ́? Oṣù kẹrin ọdún 2004 ni Gmail jáde. Àwọn tó ṣí tiwọn nígbà yẹn wà tí wọ́n ṣì ń lò ó dòní, kò sẹ́ni tó gbowó ṣíṣí lọ́wọ́ wọn. Kò sí ojúlówó, kò sí ayédèrú. Ohun tó wà ni pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fún ọdún 2 gbáko, Google lè pa á rẹ́. Oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ẹni tó ń lò ó lórí fóònù lójoojúmọ́, ìyẹn ò kàn án. Àyè tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ 15 gígábáìtì, inú rẹ̀ ni ímeèlì, fọ́tò àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp yín jọ ń gbé. Bó bá kún, wọ́n á ní kí ẹ ra sí i. Owó tí Google lè béèrè lọ́wọ́ irú wa nìyẹn, òun kọ́ sì ni ọmọ yẹn ń tà fún yín.

Ó wá ku páásíwọọ̀dù tó fẹ́ bá yín tọ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ojúde Ọba, ìyá kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò tíì jókòó tó fi ní, “Ọmọ mi, ta ni Rasaki Ẹlẹ́ran?” Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó wà nínú fóònù òun. Mo gba fóònù, mo ń yí i lọ sílẹ̀: Rasaki Ẹlẹ́ran, Ìyá Bíọ́lá Gààrí, Pásítọ̀ Ìkòròdú, Bíríkìlà Ìpẹru, orúkọ ń lọ bí ìgbà tí wọ́n ń ka orúkọ ẹni tó dáwó níbi ìkómọ. Ìyá náà ò mọ ìdajì wọn. Mo wọ ibi àkáǹtì, mo rí i: àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ra fóònù ni. Ọmọ tó tà á fún un ti fi Gmail kan ṣoṣo, tara rẹ̀, ṣe fóònù gbogbo oníbàárà. Orúkọ tàbí fọ́tò yòówù tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tọ́jú, inú àpò kan náà ló ń bọ́ sí, á sì tàn dé fóònù gbogbo wọn.

Mo ní kó pe Rasaki. Ó pè é. Ọkùnrin náà gbé e, ó ní, “Háà, ṣé ẹ̀yin ni Alhaja aláṣọ òféfèé? Mo ti ń rí fọ́tò yín látọjọ́ yìí!” Aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn fẹ́ wọ̀ lọ síwájú Awùjalẹ̀, tó gbé wọ̀ wò ní yàrá tó sì ya fọ́tò rẹ̀ fún télọ̀, ẹlẹ́ran tí kò rí rí ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹni tí páásíwọọ̀dù Google yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè ka ímeèlì yín, títí kan èyí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́. Ó lè wo ibi tí fóònù yín wà lórí máàpù, nípa Find Hub, tí wọ́n ń pè ní Find My Device tẹ́lẹ̀. Ó lè jókòó sílé rẹ̀ kó nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù yín dànù. Mi ò pe ọmọ yẹn ní olè o, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí. Àmọ́ ìwé tó kọ páásíwọọ̀dù yín sí, ta ló tún ń ṣí i?

Ìkejì wà tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Android 5.1, ẹ̀yà ètò tó ń darí fóònù, tó jáde lọ́dún 2015, bí ẹnikẹ́ni bá fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ nu gbogbo ohun inú fóònù dànù, tí fóònù bá ti jí, àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa béèrè. Kó má bàa wu olè ni wọ́n ṣe ṣe é. iPhone ti ní irú tirẹ̀ láti 2013. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Gmail ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí fóònù yín, tí ọmọ náà sì ti kó lọ sí Èkó tàbí tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, fóònù owó ńlá ti di pákó. Ẹ ó wá gbé e tọ̀ mí wá, ẹ ó ní kí n “bá yín já a”. Mi ò ní já ohunkóhun láìrí rìsíìtì, nítorí mi ò fẹ́ ṣàlàyé ara mi fún ọlọ́pàá, àní bí rìsíìtì bá wà, mi ò lè ṣèlérí pé yóò ṣeé ṣe.

Ó yá, ẹ gbé fóònù àtijọ́ yẹn síwájú. Ẹ má tíì nu nǹkan inú rẹ̀ o. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Google sí. Àdírẹ́sì tó parí sí @gmail.com tí ẹ bá rí níbẹ̀, òun ni. Bí ẹ bá rántí páásíwọọ̀dù rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tuntun, ó parí. Bí ẹ ò bá rántí, ẹ fi fóònù àtijọ́ náà lọ sí g.co/recover, kí ẹ sì wà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti máa ń lò ó, torí Google máa ń wò ó bóyá fóònù tó mọ̀ ni, bóyá ibi tó ti mọ̀ yín ni, kó tó gbà pé ẹ̀yin ni. Ẹni tó bá nu fóònù àtijọ́ kó tó wá páásíwọọ̀dù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ju kọ́kọ́rọ́ sódò.

Bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì ẹlòmíràn lẹ rí níbẹ̀, tàbí pé ẹ ò ní rárá, ìgbà yẹn lẹ máa ṣí tuntun. Nínú Settings, ẹ wá Add account, ẹ tẹ Google, ẹ tẹ Create account, ẹ yan For my personal use. (Tecno, Samsung àti itel kì í to nǹkan bákan náà, bí ẹ ò bá rí i níbi tí mo wí, ẹ wò yíká.) Orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín. Ọjọ́ ìbí gidi ni kí ẹ kọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń kánjú tẹ ọdún tó bá ṣáà ti wá. Bó bá sọ yín di ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, Google á ní òbí yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá kan tó ti ní ọmọ-ọmọ, wọ́n ní kó lọ mú òbí rẹ̀ wá. Àdírẹ́sì tí ẹ bá yàn kò gbọ́dọ̀ dín ní lẹ́tà 6, kò gba àmì ohùn, kò gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Páásíwọọ̀dù, ó kéré tán kó jẹ́ lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8, kí ó má jẹ́ orúkọ ọmọ yín tí gbogbo ọjà mọ̀.

Wọ́n á béèrè nọ́ńbà. Nọ́ńbà tiyín tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi síbẹ̀, kì í ṣe tọmọ ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ti síìmù tí ẹ rà torí dátà tí ẹ fẹ́ jù sínú dúrọ́ọ̀. Òfin NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ni pé síìmù tí ẹ ò fi ṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún iléeṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù 6, wọ́n lè ti í pa. Tó bá tún fi lé oṣù 6 mìíràn, ẹ lè pàdánù nọ́ńbà náà, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé páásíwọọ̀dù, ẹlòmíràn yẹn ni Google máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Kóòdù náà, G- ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà 6 ló tẹ̀ lé e. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, bó tilẹ̀ fi Kùránì àti Bíbélì búra.

Bí ẹ bá ti wà lórí àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ má kánjú yọ ọ́. Tí ẹ bá yọ ọ́, orúkọ inú rẹ̀ bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ da orúkọ àti fọ́tò yín sínú tiyín, ẹ wọ WhatsApp, níbi Chat backup, kí ẹ yí Gmail ibẹ̀ padà sí tiyín, kí ẹ tó yọ tirẹ̀. WhatsApp fúnra rẹ̀, nọ́ńbà fóònù lẹ fi ṣí i, ẹ̀dà tó ń tọ́jú ló ń lo Gmail.

Àkáǹtì Microsoft tí láptọ́ọ̀pù àbúrò yín ń béèrè, ọ̀fẹ́ ni. Ó lè fi àdírẹ́sì Gmail rẹ̀ ṣí ti Microsoft, kó ṣáà fún un ní páásíwọọ̀dù ọ̀tọ̀.

Páásíwọọ̀dù tiyín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ kó o síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù. ₦3,000 yẹn, ẹ fi ra dátà. Bó bá di Jímọ̀ tí ẹ ò tíì rí i ṣe, ẹ mú fóònù méjèèjì wá, kí ẹ mú ọmọ kan tó mọ̀wé nílé yín dání. Òun ni màá máa sọ fún, òun ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá dórí páásíwọọ̀dù, èmi àtòun la ó bọ́ síta.