Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Oògùn Oko Nínú Ẹja Ilẹ̀ Yìnyín

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, pánla gbígbẹ ni mò ń tà ní Ọjà Akẹ̀ṣán níbí ní Ọ̀yọ́. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé oògùn apakòkòrò wà nínú ẹja àwọn adágún ilẹ̀ yìnyín ní ìpẹ̀kun àríwá ayé. Báwo ni oògùn oko ṣe dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti dáko? Ṣé pánla tí mò ń tà kò ní pa èèyàn lára? — Ìyá Alápánla, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ẹ ó jèrè. Òótọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sọ. Àwọn kẹ́míkà kan wà tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, irú bíi DDT, toxaphene àti lindane tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nígbà kan, àti PCB tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná. Níbi tí oòrùn bá ti mú, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bá atẹ́gùn lọ, gẹ́gẹ́ bí káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ṣe ń tán láìsí pé omi kàn án. Bí òtútù bá pàdé wọn lọ́nà, wọ́n á bọ́ sílẹ̀. Bí ooru bá dé, wọ́n á tún gbéra, títí wọn yóò fi dé ibi tí òtútù ti pọ̀ débi pé wọn kò lè gbéra mọ́.

Ọ̀rá ni wọ́n máa ń sá mọ́, wọn kì í fẹ́ bá omi ṣe. Kòkòrò wẹ́wẹ́ inú adágún á jẹ díẹ̀, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò púpọ̀, ẹja ńlá á sì jẹ ẹja kékeré, bẹ́ẹ̀ ni májèlé náà ń pọ̀ sí i lára ẹni tó jẹun kẹ́yìn. Ẹja ibẹ̀ kì í tètè dàgbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Arctic char lè lo ju ogún ọdún lọ láyé, gbogbo ọdún náà ló sì fi ń kó o jọ.

Ní ọdún 1991, ìjọba Kánádà kìlọ̀ fún àwọn tó ń pẹja ní Adágún Laberge, ní agbègbè Yukon, pé kí wọ́n má jẹ ẹ̀dọ̀ ẹja burbot, nítorí toxaphene tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹja yìí tóbi, ó sì kún fún ọ̀rá. Oúnjẹ àjogúnbá ni fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Oko òwú ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lo toxaphene jù. Ó dùn mí pé àwọn tí kò gbin òwú rí ni oúnjẹ wọn bàjẹ́.

Atẹ́gùn nìkan sì kọ́ ló ń gbé e. Ní erékùṣù Bjørnøya ti ilẹ̀ Norway, àwọn ẹyẹ tó ń jẹun lójú òkun máa ń yàgbẹ́ sínú adágún Ellasjøen, PCB inú ẹja ibẹ̀ sì ju ti adágún Øyangen lọ, bẹ́ẹ̀ erékùṣù kan náà ni adágún méjèèjì wà.

Ní ti pánla yín, ẹja òkun ni, kì í ṣe ti adágún. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó ọ̀rá rẹ̀ sí, ẹran ara rẹ̀ kò lọ́ràá, wọ́n sì ti máa ń yọ ìfun àti ẹ̀dọ̀ kúrò kí wọ́n tó fi í kọ́ sórí igi láti gbẹ. Ẹ máa tà á lọ, ẹ fọkàn balẹ̀.

Èyí tó ń kọ mí lóminú wà nítòsí wa. Lindane ni Gammalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń pa kòkòrò kòkó nígbà kan, tí àwọn kan sì ń dà sínú odò kí ẹja lè léfòó. Àdéhùn Stockholm tí wọ́n ṣe ní ọdún 2001 láti gbógun ti irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí, fi lindane kún àwọn tó kà léèwọ̀ ní ọdún 2009. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá fi oògùn oko pa nínú odò, ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á fún títà, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.