Ẹ Bi Wá: Ọmọdé àti Ìmòòkùn Pẹ̀lú Sílíńdà Afẹ́fẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. A fẹ́ lọ lo ìsinmi ní Sharm el-Sheikh, ní Íjíbítì. Àkọ́bí mi ti pé ọmọ ọdún 10, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 8. Àwọn méjèèjì ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ gbé sílíńdà kọ́ ẹ̀yìn, kí àwọn mòòkùn. Ṣé wọ́n ti tó o ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Peckham, London

Èsì: Wọ́n tó o ṣe, Mà, àmọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n lè dé, àbúrò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Nínú ìlànà PADI, àjọ àgbáyé tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, ètò ìtọ́wò tí wọ́n ń pè ní Bubblemaker ni ti ọmọ ọdún 8, kò sì gbọdọ̀ jìn ju mítà 2 lọ. Ọmọ ọdún 10 lè kọ́ Junior Open Water Diver, ẹ̀kọ́ ìmòòkùn tó ní ìwé-ẹ̀rí. Mítà 12 ni òpin tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12, òbí tó ti gba ìwé-ẹ̀rí tàbí olùkọ́ PADI ló sì gbọ́dọ̀ bá a wọ omi.

Kó tó gba ìwé-ẹ̀rí, yóò lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 láìdúró, yóò sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú. Ẹ jẹ́ kó ṣe èyí àti ẹ̀kọ́ inú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ní London kí ẹ tó gbéra, kó wá ṣe ìmòòkùn mẹ́rin tó kù nínú òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́. A ò fẹ́ kó parí rẹ̀ nínú adágún ibi ìwakúsà bíi Stoney Cove ní Leicestershire. Omi ibẹ̀ tutù, ara ọmọdé sì tètè ń pàdánù ooru. Ọmọ tí òtútù ń mú kì í fọkàn sí ohun tí olùkọ́ ń fọwọ́ júwe. Ẹ fi wákàtí 18, ó kéré tán, sáàárín ìmòòkùn ìkẹyìn àti ìgbà tí ẹ máa wọ ọkọ̀ òfurufú padà, kí afẹ́fẹ́ náítrójìn tó ti wọnú ara lè rí àyè jáde.

Ìbéèrè: Nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́, ọmọ mi ní etí ń dun òun, bẹ́ẹ̀ kò tíì ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Olùkọ́ ní kó máa lọ, pé ó máa mọ́ ọn lára. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá kan, Lekki, Èkó

Èsì: Rárá o! Ẹ wá olùkọ́ mìíràn. Bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ afẹ́fẹ́ inú etí kéré: ní mítà 10, á ku ìdajì. Ihò tó so ẹ̀yìn imú mọ́ etí ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé dípò èyí, ti ọmọdé sì tóóró, ó tún dùbúlẹ̀ ju ti àgbà lọ. Ìdí nìyí tí etí rẹ̀ fi tètè ń dí.

Kó bẹ̀rẹ̀ lórí omi: kó fún imú pa, kó fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́, tàbí kó gbé itọ́ mì. Kó máa di okùn mú sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kó sì tún un ṣe ní gbogbo ìdajì mítà, kí ìrora tó dé. Bí etí kò bá ṣí, kó gòkè díẹ̀, kó tún gbìyànjú. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìmòòkùn ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Fífi agbára fẹ́ ẹ lè ya awọ etí. Omi tútù á wọ inú, òòyì á sì kọ́ ọmọ lábẹ́ omi. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kò gbọdọ̀ mòòkùn, ẹ má sì fi oògùn ṣí imú rẹ̀. Bí agbára oògùn bá tán nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú nígbà tó bá ń gòkè.

Ohun kan wà tó léwu ju etí lọ: sísé èémí. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ti mọ́ra láti sé èémí, àṣà yìí gan-an la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Afẹ́fẹ́ tí ọmọ mí láti inú sílíńdà máa ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Tó bá sé èémí, ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró, kódà láti ibi tí kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ̀rù bà sì máa ń ta sókè ni. Torí náà, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níbi tí omi ò ti ju àyà rẹ̀ lọ, kó yọ ẹ̀rọ ìmí lẹ́nu, kó máa kùn “ùùù” títí yóò fi dá a padà. Ọwọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ tó o nígbà gbogbo.

Ìbéèrè: SS ni ọmọ mi, ara rẹ̀ le lọ́dún yìí. Ṣé ó lè kọ́ ọ? — Ìyá kan, Manchester

Èsì: A ò fọwọ́ sí i, Mà. Òtútù, àárẹ̀ àti àìtó omi lára máa ń fa ìrora fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo wọn ló sì wà nínú ìmòòkùn. Bí dókítà rẹ̀ bá gbà, ó lè fi awò àti ọ̀pá ìmí wo inú omi láti òkè, nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma) náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn.

Ìbéèrè: Kí ni kí n rà? — Ọ̀gbẹ́ni kan, Ìbàdàn

Èsì: Awò nìkan. Kí ọmọ gbé e sójú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kó fi imú fa atẹ́gùn díẹ̀. Bó bá já bọ́, kò bá a mu nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ bo imú. Ìyókù, ẹ yá a, torí ọmọ ń dàgbà. Sílíńdà àgbà onílítà 11 máa ń wọn nǹkan bíi kílò 14, ẹ béèrè èyí tí kò ju lítà 6 lọ, kí wọ́n sì gbé e kọ́ ọ nínú omi. Ẹ wo ibi tó ń fi eyín dì mú lára ẹ̀rọ ìmí: bí ó bá tóbi jù, ẹ̀kẹ́ á máa ro ó, omi á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé.